Wáyà Tí Mo Pààrọ̀ Lábẹ́ Tábìlì

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọlàkejì fi òun ṣe àríkọ́gbọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà kí wọ́n fi òun rẹ́rìn-ín. Mo ti gbà. Ẹ rẹ́rìn-ín títí yóò fi tẹ́ yín lọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pa ìwé yìí dé kí ẹ tó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, àti orúkọ ẹni tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bà jẹ́.

Ṣùkúrù ni orúkọ mi. Ìwé títẹ̀ ni iṣẹ́ mi ní Fìdítì, ìwé kíkọ sì ni ìgbéraga mi. N kò lọ sí yunifásítì kankan. Èdè Yorùbá tí mo mọ̀, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ọ. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò kọ lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó, èyí tí ẹbí ọkọ ń mú dání lọ sí ilé ẹbí ìyàwó kí a kà á sókè lójú gbogbo èèyàn, ẹ béèrè mi.

Èmi àti Olúbùsọ́lá, Ìyá Tìmílẹ́yìn, ni a jọ ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ọdún mọ́kànlá rèé. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, mùsùlùmí ni èmi. Bí mo bá ń gbààwẹ̀, ó máa ń gbé oúnjẹ tirẹ̀ lọ jẹ lẹ́yìn ilé kí òórùn rẹ̀ má baà dán mi wò. Irú èèyàn tí ó jẹ́ nìyẹn.

Lẹ́tà ìdáhùn ni òun mọ̀ ọ́n kọ, èyí tí ẹbí ìyàwó fi ń fèsì fún ẹbí ọkọ. Òfin rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé etí ẹbí ọkọ kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ títí di ọjọ́ tí a ó kà á. Nítorí náà, ìpamọ́ ni ọjà Olúbùsọ́lá. Láti Ilora, láti Awẹ́, láti Jọbẹ́lẹ̀, àwọn ìdílé ń gbé ọ̀rọ̀ inú ilé wọn wá bá a, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí ó bá wọ ibẹ̀, kì í jáde.

Lọ́dún tó kọjá, àrá sán, ó sì ba ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà wa méjèèjì jẹ́. Nasrullah, ẹni tí ń bá wa tún wọn ṣe, gun ọ̀kadà wá láti Akinmọ̀rìn. Ó tú èyí tó kù wò.

"Ẹ má wulẹ̀ ra òmíràn," ó ní. "Agbára tí èyí ní ju iṣẹ́ tí ẹ̀ ń fún un lọ. Ó lè sin ọ̀gá méjì lẹ́ẹ̀kan náà."

Mo ní, "Báwo ni ẹrú kan ṣe ń sin ọ̀gá méjì?"

"Bí àwọn ọ̀gá kò bá ti dá sí ọ̀rọ̀ ara wọn ni, sà."

Ó gbé àpótí kọ̀ǹpútà náà sí abẹ́ tábìlì, ní ẹ̀gbẹ́ tèmi. Ó gbé ojú kọ̀ǹpútà kan sí iwájú mi, ó sì gbé òmíràn sí iwájú Olúbùsọ́lá ní òdìkejì tábìlì, tí ojú méjèèjì kọ ẹ̀yìn síra wọn. Wáyà méjì ni ó ń ti ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọ inú àpótí: ọ̀kan fún àwòrán ojú kọ̀ǹpútà, èkejì fún kíbọ́ọ̀dù àti máúsì.

"Ihò tí wáyà bá wọ̀ ni ẹ̀rọ fi ń mọ ẹni tó ni iṣẹ́," Nasrullah ṣàlàyé. "Ẹnì kọ̀ọ̀kan yín ní yàrá tirẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì ní ọ̀rọ̀ àṣírí tí yóò máa fi ṣílẹ̀kùn."

Báyìí ni àwa méjèèjì ṣe ń lo kọ̀ǹpútà kan lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹnì kan kò mọ ohun tí ẹnì kejì ń kọ. A tún fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọjá sí ẹ̀gbẹ́ ẹnì kejì. Oṣù mẹ́jọ ni a fi ṣe é láìsí wàhálà.

Awẹ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ka lẹ́tà ìtọrọ tí mo kọ níbi ìdána kan níbẹ̀, àwọn èèyàn mi orí. Wọ́n wá ka ìdáhùn tí Olúbùsọ́lá kọ, àwọn èèyàn dìde. Ìyá arúgbó kan ní kí wọ́n tún un kà. Bí a ti ń padà bọ̀, àwọn ẹbí ọkọ gan-an, àwọn tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún èmi, ọ̀rọ̀ Olúbùsọ́lá ni wọ́n ń tún sọ fún ara wọn nínú mọ́tò. Mo jókòó sí àárín wọn, mo ń wo ojú títì.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Bàbá Mùtàlíbù, àgbẹ̀ ọlọ́sàn ní àdúgbò wa, gbé iṣẹ́ wá. Ahmad, ọmọ àbúrò wọn, fẹ́ fẹ́ Bushrah láti Ilora. Mo kọ lẹ́tà náà ní ọjọ́ kan péré. Mo ní ẹbí ọkọ rí òdòdó kan tó rẹwà nínú ọgbà ẹbí ìyàwó, wọ́n sì wá tọrọ rẹ̀. Òdòdó yìí wà nínú gbogbo lẹ́tà ìtọrọ tí mo ti kọ, ó sì wà nínú gbogbo èyí tí n kò kọ.

Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí Kùdírátù, àbúrò bàbá Bushrah, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ránṣẹ́ pe Olúbùsọ́lá sí ilé wọn ní Ilora. Nígbà tí ó padà dé, ó jókòó, ó ń tẹ̀wé, ó sì ń dá rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Ìyá Tìmílẹ́yìn, kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?"

"Iṣẹ́ ni, Bọ̀dá Ṣùkúrù."

"Iṣẹ́ wo ló ń pani lẹ́rìn-ín?"

"Èyí tí kò kan ẹbí ọkọ."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ̀rín náà kò jẹ́ kí n jẹun dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Olúbùsọ́lá dìde lójijì. "Mò ń bọ̀," ó ní. "Àǹtí Kùdírátù ti sọ̀ kalẹ̀ ní oríta, wọn kò dé ṣọ́ọ̀bù wa rí. Wọ́n fẹ́ wá gbọ́ lẹ́tà wọn." Ìkánjú kò jẹ́ kí ó ti yàrá rẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Mo mọ̀, nítorí mo rí ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ lára ògiri lẹ́yìn àga rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré ni mo fi jìnnà sí àga náà. Ṣùgbọ́n Lateefah, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ tiwa, jókòó sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Lateefah lè ran aṣọ láì wo abẹ́rẹ́. Ọ̀dọ̀ wa ni ó ń wò. Bí ìdí mi bá kan àga Olúbùsọ́lá, gbogbo Fìdítì yóò gbọ́ kí ìrun Àsárì tó tó.

Bìlísì wá rán mi létí ọ̀rọ̀ Nasrullah. Ihò ni ẹ̀rọ fi ń mọ̀. Bí n kò bá lè lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè wá bá mi níbi tí mo wà.

Mo bẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ tábìlì. Mo yọ wáyà àwòrán méjèèjì, mo fi tèmi sí ihò tirẹ̀, mo fi tirẹ̀ sí ihò tèmi. Nígbà tí mo jáde, lẹ́tà ìdáhùn ẹbí ìyàwó wà lójú kọ̀ǹpútà mi.

Ìkíni nìkan ni mo rí. Mo fẹ́ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, máúsì mi kò dáhùn, nítorí yàrá tèmi ni òun ṣì ń ṣiṣẹ́ fún. Mo tún padà wọ abẹ́ tábìlì. Mo pààrọ̀ wáyà méjì tó kù.

"Bọ̀dá Ṣùkúrù," Lateefah pè láti òdìkejì títì, "kí lẹ̀ ń wá lábẹ́ tábìlì?"

"Bíírò mi ló bọ́."

"Èyí tó wà létí yín ńkọ́?"

Mo fọwọ́ kan etí mi. "Òmíràn ni," mo ní.

Mo kà á. Olúbùsọ́lá kọ ọ́ báyìí: "Ẹ ní ẹ rí òdòdó nínú ọgbà wa. A dúpẹ́ pé ẹ yà wò wá, ṣùgbọ́n ẹ lọ bọ́jú, kí ẹ padà wá wò ó. A kò gbin òdòdó. Òdòdó a tàn láàárọ̀, a rọ nírọ̀lẹ́. Ọsàn ni bàbá wa àgbà gbìn sí ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ tí wọ́n bí bàbá Bushrah, òun ni gbogbo wa ń jẹ títí dòní. Ẹni tó bá fẹ́ ọsàn wa yóò gun igi, ẹ̀gún yóò sì gún un díẹ̀ kí a tó mọ̀ pé ó fẹ́ ẹ."

Mo rẹ́rìn-ín. Kí n tó rẹ́rìn-ín tán, inú mi ti bàjẹ́. Obìnrin yìí ti fi òdòdó mi ṣe yẹ̀yẹ́ kí ó tó fojú rí i.

Mo wá pinnu pé n ó hú òdòdó náà kúrò. Mo fi máúsì tẹ àárín lẹ́tà rẹ̀ kí ibi tí mo kà dé má baà sọ nù, mo fa bébà tí mo ti tẹ lẹ́tà tèmi sí mọ́ra, mo sì kọ gbólóhùn tuntun sí i: "Àwa ẹbí ọkọ kò wá já òdòdó, ọsàn pípọ́n kan ni a rí lórí igi yín, a sì ti ṣe tán láti fara gba ẹ̀gún." Bí wọ́n bá ti ka èyí, ìdáhùn Olúbùsọ́lá yóò dà bí ẹni tó ju òkò lu ẹyẹ tó ti fò lọ.

"Ẹ káàbọ̀ o, mà," Lateefah ń kí àlejò níta.

Mo sáré wọ abẹ́ tábìlì. Mo dá wáyà àwòrán méjèèjì padà sí àyè wọn. Bí mo ti na ọwọ́ sí méjì tó kù, bàtà Àǹtí Kùdírátù ti dé ẹnu ọ̀nà. Mo yọ orí síta, mo sì kí wọn láti ibi tí mo wà.

"Ṣé ilé rẹ nìyẹn?" Àǹtí Kùdírátù béèrè.

"Rárá, mà. Bíírò ni."

Olúbùsọ́lá mú wọn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Kí n tó mọ ohun tí n ó ṣe, ọ̀kadà kan dúró, Bàbá Mùtàlíbù sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n ní oko ni wọ́n ti ń bọ̀, àwọn ní kí àwọn yà gbọ́ lẹ́tà àwọn. Wọ́n rí Àǹtí Kùdírátù, ojú wọn là.

"Àna mi," wọ́n ní, "kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Ohun tí ẹ̀yin náà wá ṣe."

"Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ yín o. Ẹ má yọjú wo tiwa."

"Kí ni a fẹ́ yọjú wò?" Àǹtí Kùdírátù tún awò ojú wọn ṣe. "Òdòdó náà kọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Mo ka lẹ́tà mi fún Bàbá Mùtàlíbù ní ohùn jẹ́jẹ́ láti orí bébà, pẹ̀lú ọsàn nínú rẹ̀. Wọ́n mi orí tayọ̀tayọ̀. Mo ní ó ku kí n tẹ gbólóhùn kan. Mo tẹjú mọ́ bébà mi, mo sì ń tẹ̀ ẹ́. N kì í wo bọ́tìnì, n kì í wo ojú kọ̀ǹpútà. Bí mo ti kọ́ ara mi nìyẹn, mo sì ti fi yangàn púpọ̀.

"Ṣùkúrù," Bàbá Mùtàlíbù ní, "kí ló ń sáré kiri nínú lẹ́tà wa bí eṣinṣin yìí?"

Mo gbójú sókè. N kò rí ọ̀rọ̀ kan tí mo tẹ̀. Àmì máúsì nìkan ni ó ń rìn gbéregbère. Ní òdìkejì, mo gbọ́ tí Olúbùsọ́lá ń fi máúsì tirẹ̀ lu tábìlì, tí ó ní kò ṣiṣẹ́.

"Olúbùsọ́lá," Àǹtí Kùdírátù ní, "ṣé ojú mi ni, àbí lẹ́tà wa ń kọ ara rẹ̀?"

"N kò tẹ nǹkan kan, mà."

Mo rò pé kíbọ́ọ̀dù mi ló há. Láti dán an wò, mo tẹ "kí ló ṣe é".

"Ó tún kọ ọ́," Àǹtí Kùdírátù ní. "Ó ní 'kí ló ṣe é'. Ta ló ń bi?"

Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì sórí itan. Ṣùgbọ́n Àǹtí Kùdírátù ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì: "'Àwa ẹbí ọkọ kò wá já òdòdó, ọsàn pípọ́n kan ni a rí lórí igi yín...'"

"Háà, lẹ́tà wa nìyẹn," Bàbá Mùtàlíbù ní. "Ṣùkúrù ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á fún mi ni. Báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ yín?"

Àgbàlagbà méjèèjì dìde, wọ́n wo ara wọn láti òkè ojú kọ̀ǹpútà méjèèjì. Ẹ̀rín kúrò lójú Àǹtí Kùdírátù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ ọ̀rọ̀ ọsàn fún yín?"

"Akọ̀wé mi ló kọ ọ́."

"Igi ọsàn bàbá mi ni. Nínú pálọ̀ mi ní Ilora ni mo ti sọ ọ́ fún Olúbùsọ́lá." Wọ́n yíjú sí i. "O ní ẹnikẹ́ni kò ní í rí i. Ó ti wà lẹ́nu ẹbí ọkọ."

"Àǹtí, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ṣé ọsàn náà fi ẹsẹ̀ rìn wá ni? Èmi ni mo ní kí gbogbo Ilora máa wá bá ọ. Èmi náà ni n ó sọ fún wọn pé kí wọ́n má wá mọ́."

Olúbùsọ́lá kò sunkún. Ó wo èmi. "Bọ̀dá Ṣùkúrù, ṣé ẹ mọ nǹkan kan nípa rẹ̀?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún mi níbẹ̀ láti jáde bí ọkùnrin. Mo ní, "N kò mọ nǹkan kan. Ẹ̀rọ ni. Àfi bóyá Nasrullah kò so ó dáadáa."

"Ẹ pe Nasrullah náà," Bàbá Mùtàlíbù ní.

Kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ó fi dé. N kò tíì rí kí ọ̀kadà sáré tó bẹ́ẹ̀ láti Akinmọ̀rìn. Nasrullah kò jókòó, ó wọ abẹ́ tábìlì tààrà. Gbogbo wa ń wo ìdí rẹ̀.

"Ẹ ti pààrọ̀ wáyà kíbọ́ọ̀dù," ó ní láti ìsàlẹ̀. "Ohun tí Bọ̀dá bá ń tẹ̀, ọ̀dọ̀ Ìyá Tìmílẹ́yìn ni ó ń jáde sí."

"Ṣé bí o ti so ó nìyẹn?" Àǹtí Kùdírátù béèrè.

"Rárá, mà. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi lò ó dáadáa."

"Ó lè jẹ́ pé ó yí fúnra rẹ̀," mo ní.

Nasrullah yọ orí síta. "Wáyà kò lẹ́sẹ̀, sà. Bí ọ̀kan bá tilẹ̀ bọ́, ṣé ó máa dúró de èkejì kí wọ́n jọ pààrọ̀ ilé ni?"

Ohùn kan ti ẹnu ọ̀nà wọlé. Lateefah ni, pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n lọ́rùn rẹ̀. "Ẹ dákun, bíírò ni Bọ̀dá Ṣùkúrù ń wá níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n wọlé lọ wá a. Etí wọn ló sì wà."

Gbogbo ojú dà sí etí mi. Bíírò náà ṣì wà níbẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà kéré, nítorí náà orí mi wà lábẹ́ tábìlì, ẹsẹ̀ mi sì wà ní ìta, níbi tí àwọn ọlọ́kadà ti ń wò ó. "Èmi ni," mo ní. "Mo pààrọ̀ wáyà kí n lè ka lẹ́tà yín. Ìyá Tìmílẹ́yìn kò fi nǹkan kan hàn mí. Mo jowú rẹ̀ ni."

Bàbá Mùtàlíbù ni wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Àwa ń múra láti gba ẹnu ọ̀nà wọlé," wọ́n ní. "Akọ̀wé wa ti gba ojú fèrèsé lọ."

Àǹtí Kùdírátù kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n di ọwọ́ Olúbùsọ́lá mú. "Ọmọ mi, mo fẹ̀sùn tí kò tọ́ kàn ọ́. Má bínú." Lẹ́yìn náà ni wọ́n wò mí nílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń wo ọmọ tó jí ìdáhùn wò nínú ìdánwò. "Ìwọ, bí o ti kọ lẹ́tà rẹ tẹ́lẹ̀ ni yóò ṣe wà. Òdòdó náà kò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Wàá sì wá sí Ilora, wàá jókòó síwájú, wàá gbọ́ ìdáhùn rẹ̀."

Mo lọ. Wọ́n ka òdòdó mi, wọ́n ka ọsàn Olúbùsọ́lá, ilé náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Bàbá Mùtàlíbù rẹ́rìn-ín títí fìlà wọn fi bọ́. Ahmad fẹ́ Bushrah, èyí kò ní àbùkù kankan.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá ti jáde ní Fìdítì kì í jáde ní pípé. Ìdajì rẹ̀ dé Awẹ́, ó dé Jọbẹ́lẹ̀, ìdajì tó dé ọ̀hún sì ni pé lẹ́tà ń jò ní ṣọ́ọ̀bù Olúbùsọ́lá. Ìdílé méjì ti gba iṣẹ́ wọn padà. Mo lọ sí ilé méjèèjì, mo ṣàlàyé pé èmi ni, kì í ṣe òun. Ọ̀kan gbà, èkejì ní àwọn yóò rò ó. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síwájú yín, pẹ̀lú orúkọ mi lórí rẹ̀: ẹni tó bá ti gbọ́ ìdajì, kí ó gbọ́ odindi. Lọ́dún mọ́kànlá, ọ̀rọ̀ kan kò ti ẹnu obìnrin náà jáde. Èmi ni mo lọ jí i gbé lábẹ́ tábìlì.

Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó ń wá síbi iṣẹ́. Ó ń kí mi ní "ẹ káàárọ̀" àti "ó dàárọ̀ o", kò sì sí ọ̀rọ̀ mìíràn láàárín méjèèjì. Nasrullah sọ fún mi pé Olúbùsọ́lá ti béèrè iye tí kọ̀ǹpútà tí òun nìkan yóò máa lò yóò jẹ́.

Mo jókòó, mo fi gbogbo ìmọ̀ mi kọ lẹ́tà ìtọrọ àforíjì sí i, ojú ewé mẹ́rin gbáko. N kò fi òdòdó kankan sí i. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e sórí tábìlì, mo sì rọra tì í kọjá sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀.

Ó kà á. Ó tún un kà. Mo gbọ́ tí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ń ró fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì pọ bébà kan síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́ mi. Lẹ́tà ìdáhùn ni, pẹ̀lú ọjọ́ lókè àti àyè ìbuwọ́lùwé nísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti tọ́:

"A ti gba lẹ́tà yín, a sì ti kà á. Ẹ kọ ọ́ dáadáa. Ẹbí ṣì ń jíròrò lórí rẹ̀."

Mo wò yíká ṣọ́ọ̀bù. Òun nìkan ni ẹbí tó wà níbẹ̀, ó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo fi bíírò mi há etí, mo sì ń dúró de ìpàdé wọn.